Ẹni tó bá ti dé Timbúkútù rí, ẹ wá sọ̀rọ̀ jàre

Dékúnlé_Bàmákò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàmákò ni mo wà láti bí ọdún kan ààbọ̀, sípéà páàtì ọ̀kadà ni mò ń tà. Ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù tó ń bọ̀, Timbúkútù ló sì wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, tísà wa kan máa ń sọ pé ẹni tí ò bá ṣe iṣẹ́ tóun fún un lọ sílé, òun á fi pàṣán lé e dé Timbúkútù. Mo rò pé irọ́ ni, pé kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé ńbí, àfìgbà tí mo dé gáràjì níbí tí mo rí orúkọ ẹ̀ lára bọ́ọ̀dù, tí wọ́n kọ owó ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni kọ Ìbàdàn sí Ìlọrin. Ẹni tó bá ti débẹ̀, báwo lọ̀nà ṣe rí? Kí ni kí n wò? Ẹ má wulẹ̀ fún mi ní ti Google, mo ti ka ìyẹn tán.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ara ẹ dá ṣáṣá? Àbí o ò gbọ́ ìròyìn ni? Oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ́hùn-ún, èèyàn tó kú lé ní ogójì, àtobìnrin àtọmọdé. Orúkọ ọkọ̀ yẹn gan-an, Timbúkútù ni. Ọdún yẹn náà ni àwọn oníbọn dínà ìlú ọ̀hún pa tóúnjẹ ò wọlé. Ibẹ̀ wá lo fẹ́ lọ fi ìsinmi ẹ ṣe. Wá sílé wá kí ìyá ẹ.

Sákà_Sùgọ́mù
Tísà yẹn ti ṣépè fún un ni, ó ti wá ń ṣẹ 😂

Àgbà_Ìrìnàjò
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, n ó ṣì padà sórí ẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ n kọ́kọ́ dá ọmọ yìí lóhùn torí pé mo débẹ̀, ìparí 2008 wọ 2009, kí nǹkan tó dàrú.

Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ láti Bàmákò dé Mopti, gbogbo ọjọ́ ló gbà, mo wá wọ ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní pinasse, àpò ìrẹsì àti àlùbọ́sà nísàlẹ̀, àwa èrò lórí ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ṣé ẹ mọ odò tí mò ń wí? Odò Ọya ni o! Odò Ọya tó ń gba abẹ́ afárá Jẹ́bbà kọjá yẹn náà ni. Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí pé omi yìí ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀ wa, pé ìyàwó Ṣàngó ni lọ́dọ̀ wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn Songhay náà ní obìnrin tiwọn nínú ẹ̀, Harakoy ni wọ́n ń pè é. Ó wá wo ẹ̀yìn wò bóyá alfa kankan ń gbọ́.

Ìlú ò sí létí odò gan-an. Èbúté Korioumé lọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ó ṣì ku bíi 18 kìlómítà. Tó o bá wá débẹ̀, àbúrò, má retí wúrà. Ilé alámọ̀ ni, iyanrìn ni, ewúrẹ́ ni, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń tọrọ báírò ni. Mo dúró láàárín ìgboro mo ní ṣé nítorí èyí ni mo ṣe jókòó sórí àlùbọ́sà fọ́jọ́ mẹ́ta. Kì í ṣèmi nìkan o. Caillié, òyìnbó Faransé tó wọ ibẹ̀ ní 1828, tó múra bíi Mùsùlùmí kí wọ́n má bàa pa á, ohun tóun náà rí nìyẹn, ilé amọ̀ tí ò wuni, ló kọ síwèé. Ilé tó dé sí ṣì wà, wọ́n kan pátákó mọ́ ọn. Ti Barth ará Jámánì, tó dé ní 1853, wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Búrẹ́dì ló là mí lójú ní tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí àwọn ààrò amọ̀ ní kọ́nà àdúgbò, ó dà bí ìgbà téèyàn dojú ìkòkò ńlá délẹ̀, àwọn obìnrin ń ki búrẹ́dì pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ nínú, tàkúlà lorúkọ ẹ̀. Mo ra kan, ó gbóná fẹlifẹli, mo bù ú sẹ́nu, ni nǹkan bá ń dún kẹrẹkẹrẹ láàárín eyín mi. Iyanrìn! Mo tu ú dànù. Ìyá tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín títí, ó na ọwọ́ sókè, ó nà án sí ọ̀tún, ó nà án sí òsì, bí ẹni ń sọ pé níbo niyanrìn ò sí níbí tó máa wá yọ búrẹ́dì tòun sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, mi ò gbọ́ kẹrẹkẹrẹ yẹn mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó ń rí ìlú náà.

Dékúnlé_Bàmákò
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé o! Ẹ máa bá a lọ, ẹ má dúró. Iyọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń wá?

Àgbà_Ìrìnàjò
Ó ń wá nígbà yẹn. Taoudenni ni wọ́n ti ń wà á, ó tó 700 kìlómítà sókè lápá àríwá, àárín aṣálẹ̀ tí ewé kan ò hù. Ràkúnmí kan ń ru mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún méjì lósì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ti gbapò púpọ̀ nínú ẹ̀. Ó rí bí òkúta mábù tí wọ́n máa ń gbé sórí sàréè, ó funfun, ó ní ìlà eérú nínú. Mo ra àbùfọ́ kan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ṣì wà nílé di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó mi ní òun ò ní fi sọ́bẹ̀ láyé, pé ta ló mọ ohun tí ràkúnmí ti ṣe sí i lára.

Bíríkìlà_Ṣakí
Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, ohun kan sì ń dà mí láàmú. Wọ́n ní mọ́ṣáláṣí wọn lọ́hùn-ún ti ń lọ sí 700 ọdún, amọ̀ sì ni. Ilé amọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́, ẹ̀fúùfù ṣí páànù orí ẹ̀, òjò ọdún méjì péré, ó ti wó palẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi sínú tiwọn?

Àgbà_Ìrìnàjò
Haa, ìbéèrè gidi nìyí. Djingareyber lo ń sọ. Mansa Musa ọba Málì ló ní kí wọ́n kọ́ ọ nígbà tó ti Mẹ́kà dé, 1327 ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, Es-Saheli ará Andalusia, ní Sípéènì òde òní, ló bá a dé láti ìrìn-àjò yẹn, wọ́n ní òun ló ṣe iṣẹ́ náà.

Àkọ́kọ́, òjò wọn ò tó ìdajì ìdajì tiwa. Ìkejì, àṣírí kankan ò sí níbẹ̀, ó ń bàjẹ́! Ọdọọdún ló ń bàjẹ́, ọdọọdún ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Amọ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un, wọ́n á fi sílẹ̀ títí táá fi kan díẹ̀, wọ́n á wá fọwọ́ fi í rẹ́ ara ògiri. Fọwọ́ o, àtẹ́lẹwọ́ lásán, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ẹ máa rí ipa ìka. Òkúta funfun kan náà wà láwọn ibì kan nínú ògiri, alhor ni wọ́n ń pè é. Àwọn igi tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò tó yọrí jáde lára ògiri bí ẹ̀gún òòrẹ̀, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, àfìgbà tí wọ́n fi hàn mí pé orí ẹ̀ ni àwọn tó ń rẹ́ ẹ ń gùn. Wọn ò nílò àtẹ̀gùn, ara ilé ni àtẹ̀gùn wà. Àwọn ìdílé kan ló sì ni iṣẹ́ yẹn, láti bàbá dé ọmọ, bí ìdílé Àyàn ṣe ni ìlù lọ́dọ̀ wa, aráàlú ló kàn máa ń jáde wá rumi, wá ru amọ̀, ìyá arúgbó máa wà ńbẹ̀ tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbà mí láyè nínú. Òkùnkùn ni, ó tutù bí ìdí àmù. Òpó lójú òpó, ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, amọ̀ gbé e mì.

Tí wọn ò bá rẹ́ ẹ fún ọdún bíi mélòó kan, àbúrò, tiwọn náà á wó bí ti bàbá yín.

Bíríkìlà_Ṣakí
Ó ti yé mi. Kò sí ẹni tó ń rẹ́ tiwa mọ́, gbogbo wọn wà ní Èkó. Ẹ sì wá rí i, èyí tí ò tíì wó, sìmẹ́ńtì ni àwọn ọmọ rà wá láti fi rẹ́ ẹ lóde, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ẹ̀. Omi gba òkè wọ inú ẹ̀, kò ríbi jáde, amọ̀ rà sínú sìmẹ́ńtì bí ẹran tó rà sínú ọ̀rá. Mo sọ títí, wọ́n ní iṣẹ́ ni mò ń wá.

Ọmọ_Ẹkùn_Ọ̀sun
Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti wó ibojì àwọn wòlíì wọn láìpẹ́ yìí?

Tísà_Ìtàn
Kì í ṣe wòlíì, wọn ò jẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹ o. Wálíyù ni, àwọn ẹni mímọ́. Wọ́n máa ń pe Timbúkútù ní ìlú ẹni mímọ́ 333. 2012 ni àwọn oníbọn tó ń jà lórúkọ ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba ìlú, wọ́n ní kíkí ibojì ẹbọ ni, wọ́n gbé ọkọ́ àti dígà, ibojì mẹ́rìnlá ni wọ́n wó. Ìlẹ̀kùn kan wà lára mọ́ṣáláṣí Sidi Yahya tí wọ́n ti tì pa tipẹ́, ìgbàgbọ́ aráàlú ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i layé máa parẹ́. Wọ́n fi àáké já a lóṣù keje ọdún yẹn kí wọ́n lè fi hàn pé ayé ò ní parẹ́. Àwọn tó dúró wò ó sunkún.

Wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, Al Mahdi, dé ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní Hague, ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún un ní 2016. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tìtorí pé ó wó ohun àjogúnbá nìkan ṣẹjọ́ fún níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni, tísà ni kó tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà tó fi máa di 2015, àwọn bíríkìlà ìlú, àwọn ìdílé tí Ẹ̀gbọ́n Àgbà ń sọ yẹn, ti tún gbogbo ibojì náà kọ́, UNESCO bá wọn wá owó.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe kẹ̀!

Alfa_Agbájí
As-salaamu alaykum. Ìyá Ìbejì, ìjà inú ilé ló máa ń le jù, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ ibojì yẹn, ó wà láàárín àwa náà nílé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ torí ìjà lórí ojú-òpó yìí kì í tán bọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ̀rọ̀ ìwé, torí mọ́ṣáláṣí ni gbogbo èèyàn ń wò, ìwé gan-an ni Timbúkútù. Àwọn ọmọ ogun Mòrókò gba ìlú ní 1591, nígbà tó tó bí ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn wọ́n de àwọn àlùfáà ní ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ kó lọ sí Marrakesh, Ahmed Baba wà nínú wọn. Ó sọ fún ọba ibẹ̀ pé ìwé 1,600 ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, pé nínú gbogbo ìdílé òun, tòun ló kéré jù. Ẹ gbọ́ o, èyí tó kéré jù! Ní ọdún 1500 ó lé! Ó tó 1608 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kó lọ sílé.

Àwọn ìdílé ló tọ́jú ìwé yẹn, nínú àpótí, nínú ihò ilẹ̀, lábẹ́ iyanrìn. Ní 2012 yẹn, Abdel Kader Haidara tó ni ọ̀kan nínú láíbìrì ìdílé ṣètò ẹ̀, wọ́n ra àwọn àpótí páànù bíi ti ọmọ bọ́dìn, wọ́n ń kó o jáde lóru, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi, títí dé Bàmákò. Bíi 4,000 ló sọnù sọ́wọ́ àwọn ẹni yẹn ní ilé ìwé tí wọ́n fi orúkọ Ahmed Baba yẹn sọ, wọ́n dáná sun ún nígbà tí wọ́n ń sá lọ ní January 2013. Oṣù kẹjọ 2025 ni ìjọba Málì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú kó èyí tó kù nínú ti ilé ìwé náà padà sílé.

Èmi kò débẹ̀ rí. Àmọ́ bàbá àgbà mi ní Ìlọrin ní àpótí kan, kéwú ló kún inú ẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Tàdáwà ẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Nígbà tí wọ́n kú, a ń pín ilẹ̀, a ń pín ẹṣin, kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ àpótí. A ṣí i lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ikán ti bá wa kà á tán. Tí mo bá wá ń gbọ́ pé ẹnì kan gbé irú ẹ̀ sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nígbà tí ìbọn ń dún, ojú máa ń tì mí.

Ọmọ_Oòduà_Pọ́ńbélé
Alfa, ẹ kúkú sọ gbogbo ẹ̀. Ahmed Baba yẹn náà ló kọ ọ́ síwèé pé Yorùbá ṣeé kó lẹ́rú. Ẹ wá ń fi yangàn. Orúkọ wa nínú lísìtì ẹrú!

Sákà_Sùgọ́mù
Ó ti dé o. Ẹ gbé àga wá.

Tísà_Ìtàn
Ẹ ní sùúrù. Ohun tó sọ, ó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe wà. Ní nǹkan bíi 1615, àwọn ará Tuat, àgbègbè kan nínú aṣálẹ̀ ní Àlgéríà òde òní, kọ̀wé bi Ahmed Baba pé àwọn ẹrú dúdú tí wọ́n ń kó kọjá lọ́dọ̀ àwọn, ta ló tọ́ ká rà, ta ni kò tọ́. Ó dáhùn pé àwọ̀ ara ò kàn án, ọ̀rọ̀ pé ẹni dúdú ni kò sọ èèyàn dẹrú. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ́ Mùsùlùmí tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á, ó dárúkọ ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, Bọ̀nú, Kano, Katsina. Lẹ́yìn náà ló wá dárúkọ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, Mossi, Gurma, Busa, Yorùbá náà sì wà ńbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni gbogbo ohun tó rí sọ nípa wa.

Ó sì wá jẹ́ pé ibi tí orúkọ yẹn ti kọ́kọ́ hàn nínú ìwé kankan tí àwọn onímọ̀ tíì rí nìyẹn. Ó ju igba ọdún lọ kí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ jáde ní 1843. Ọ̀yọ́ ló jọ pé ó ní lọ́kàn o, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ò mọ̀ pé àwọn ń jẹ́ Yorùbá nígbà yẹn.

Ọmọ_Oòduà_Pọ́ńbélé
Tísà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀, ó kọ ọ́ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa dè ni.

Alfa_Agbájí
Kó má dùn mọ́ ẹ nínú, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dùn mọ́ èmi náà, alfa ni mí, babańlá mi ni lísìtì yẹn ń sọ. Àmọ́ ṣé o máa ní kí wọ́n dáná sun ìwé ọ̀hún? Tí wọ́n bá sun ún, kí lo fẹ́ fi bínú?

Ọmọ_Ẹkùn_Ọ̀sun
Ṣé òótọ́ ni pé Málì ni wọ́n ti yọ "Ìmàle"? Bàbá mi ní "ìmọ̀ líle" ni.

Tísà_Ìtàn
Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ ni pé Málì ni o, torí àwọn oníṣòwò láti ọ̀hún ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn náà dé. "Ìmọ̀ líle" dùn gbọ́ lẹ́nu bàbá ẹ, kó máa wí i lọ.

Àgbà_Ìrìnàjò
Dékúnlé, mo ní mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Má lọ. Nígbà tí mò ń kúrò níbẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó àlejò, wọ́n fi òǹtẹ̀ Tombouctou lu pásípọ́ọ̀tù mi, inú mi ń dùn bí ọmọdé. Ní November 2011, oníbọn wọ ilé oúnjẹ kan níbẹ̀, wọ́n jí àwọn òyìnbó àlejò gbé, wọ́n pa ọ̀kan tó kọ̀ tí ò tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà yẹn ni àlejò ti dá, àwọn tó ń mú èèyàn kiri, àwọn tó ń rọ fàdákà, gbogbo wọn ló jókòó lásán. Bàmákò tó o wà yìí gan-an, ìwọ lo mọ bó ṣe rí. Ọ̀nà Mopti tí mo gbà nígbà yẹn, mi ò ní gbà á lónìí kí wọ́n tiẹ̀ fún mi lówó.

Dékúnlé_Bàmákò
Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín, Ìyá Ìbejì ẹ má bínú, mo ti gbọ́. Mi ò lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tí Ẹ̀gbọ́n Àgbà sọ wà lọ́kàn mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn lọ́jà, wọ́n ní ìyá kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń tún táyà ṣe, pé ará Timbúkútù ni, 2012 ló sá wá tòun tàwọn ọmọ ẹ̀. Mo lọ lánàá. Òun ló mọ ààrò ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ra tàkúlà mẹ́ta, ó gbóná, ó dáa, mo jẹ ẹ́ títí, kò sí kẹrẹkẹrẹ kankan. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi kan ní ti ọ̀hún níyanrìn. Ó fi àtàńpàkò ra ìka ẹ̀ báyìí bí ẹni tó mú nǹkan kékeré lọ́wọ́, ó ní "kò pé, búrẹ́dì ibí yìí ò pé."

Mo ya fọ́tò ààrò ẹ̀, ẹ wò ó nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, ẹ bá mi wò ó.

Bíríkìlà_Ṣakí
Mo ti rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ amọ̀ ni. Ó ti ń là lápá òsì nísàlẹ̀ yẹn o, bá mi sọ fún ìyá kí wọ́n bá a rẹ́ ẹ kójò tó dé, kí wọ́n má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé sìmẹ́ńtì wá síbẹ̀.